Bí ẹ ṣe lè fi wàhálà yín pa èèyàn lẹ́rìn-ín lórí sítéèjì, ẹ̀yin nìkan

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in, iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé gan-an nìyẹn. Èèyàn kan, máìkì kan, kò sí onílù tó máa gbà yín sílẹ̀ tọ́rọ̀ bá tutù.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìyà kan. Ẹyọ kan o! Òun ni kó jẹ́ òpó, kí ìtàn yòókù fara tì í. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín kan nílé ná, tóhùn yín bá ṣì ń gbọ̀n níbì kan ẹ fibẹ̀ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, torí tí àánú yín bá ti ń ṣe àwọn tó ń wò yín, wọn ò ní lè rẹ́rìn-ín. Àsìkò kálukú yàtọ̀ ṣá. Iná jó Richard Pryor, aláwàdà ará Amẹ́ríkà, ní 1980, ọdún 1982 ni fíìmù tó ti fi iná yẹn ṣàwàdà jáde, àmọ́ ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n sọ fún Tig Notaro, aláwàdà ará Amẹ́ríkà lòun náà, pé ó ní jẹjẹrẹ ọyàn ní 2012 ló gun sítéèjì ní Los Angeles, bó ṣe ń kí wọn báyìí ló ń sọ fún wọn.

Ẹ má tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ tan fóònù, kẹ́ ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ bí ẹni ń sọ fún àbúrò ẹ̀, torí tá a bá ti mú bírò báyìí, a máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn.

Ibi tíṣẹ́ wà rèé o. Ìyà fúnra ẹ̀ kì í pani lẹ́rìn-ín, nǹkan kékeré tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń pani lẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá mi kú, a ṣì ń wá owó pósí kiri, ẹbí ti ń jà lórí aṣọ tá a máa wọ̀, bàbá kan tí ò yọjú sí bàbá mi fún ọdún méje ló dìde pé òun ò ní wọ àwọ̀ yẹn, pé kì í jẹ́ kóun yọ dáadáa nínú fọ́tò. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, fọ́tò là ń sọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá: ohun tẹ́nì kan sọ, ohun tó wọ̀, iye tó ní ká san. Bàbá Sàlá mọ̀ ọ́n dáadáa, kó tó lanu rárá ni gíláàsì ńlá yẹn àti bótáì gbàgìdì ti ń bá a ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju òkò lu ẹni tó ti wà nílẹ̀. Tí màmá yín bá wà nínú ìtàn náà, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná, tó bá ní rárá, ẹ yọ ọ́.

Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ara yín ti balẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn láyè láti rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá wá débi tó wúwo, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ má sáré fi àwàdà bò ó mọ́lẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e bú jáde.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí kan. Níbi àjọ̀dún eré orí ìtàgé tí wọ́n ń ṣe ní Edinburgh, ní Scotland, lóṣù kẹjọ, nǹkan bíi wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ ṣó ẹlẹ́nìkan máa ń gbà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fún ẹni tó bá wá ní máìkì, ẹ ṣe ìṣẹ́jú 5, tó bá dúró kẹ́ ẹ sọ ọ́ di 15. Ẹ máa gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ẹ sàmì síbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, àti ibi tí wọ́n ti ń wúkọ́, tí wọ́n ń wọ́ àga. Ibi àga wíwọ́ yẹn, ẹ gé e kúrò, bó ti wù kó dùn létí yín tó.