Bí Mo Ṣe Fi Òwú, Aago àti Ìṣirò Kéékèèké Wọn Òòfà Ilẹ̀

Iṣẹ́ náà kò le ní ṣíṣe. Mo so bọ́ọ̀lù irin kékeré mọ́ òwú, mo jẹ́ kó máa fì, mo ka àkókò rẹ̀, mo sì fi àwọn nọ́ńbà yẹn ṣírò bí òòfà ilẹ̀, agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, ṣe lágbára tó. Fọ́múlà tí gbogbo rẹ̀ dúró lé ni T = 2π√(L/g). T ni àkókò àlọ àti àbọ̀ kan, L ni gígùn òwú, g ni òòfà tí à ń wá, π sì jẹ́ nǹkan bíi 3.1416. Àmì √ túmọ̀ sí nọ́ńbà tí a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó tó di èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pínpín àti gíráàfù kan ṣoṣo ti tó fún un. Àwọn ìṣirò kéékèèké yìí náà ló sì ń tú àṣírí ibi tí ìwọ̀n ti yẹ̀, ibẹ̀ ni màá dúró lé jù.

Òwú tí kì í fà bíi rọ́bà ni mo lò. Mo fi òkè rẹ̀ há àárín pákó pẹlẹbẹ méjì, mo sì dì wọ́n pinpin. Bí a bá kàn so òwú mọ́ ìṣó, ibi tó ti ń fì yóò máa sún, gígùn rẹ̀ kò sì ní dúró sójú kan. Gígùn márùn-ún ni mo yàn: 0.20, 0.40, 0.60, 0.80 àti 1.00 mítà. Láti ẹnu pákó dé àárín bọ́ọ̀lù la ti ń wọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe dúró sí orí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kó ju dígírì 10 lọ, torí pé ìfì kékeré ni fọ́múlà yẹn wà fún. Ní dígírì 10, àkókò gùn ju bó ṣe yẹ lọ pẹ̀lú ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún péré. Ní 30, ó di ìdá 1.7. Ní 45, ó ti di ìdá 4, kò sì sí iye ìgbà tí a lè tún un kà tí yóò mú un kúrò.

Kí ló dé tí mo fi ka ìfì 20 dípò ẹyọ kan? Ọwọ́ ènìyàn máa ń pẹ́ tó nǹkan bíi 0.2 ìṣẹ́jú àáyá kó tó tẹ aago. Bí òwú mítà kan bá fì lẹ́ẹ̀kan, àkókò rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2. Àṣìṣe 0.2 nínú 2 jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ka 20, àṣìṣe 0.2 kan náà wà nínú 40, ó sì di ìdá 0.5. Ọwọ́ kò yí padà, aago kò yí padà, pínpín nìkan ló ṣe é. Mo tún fi àmì sí ẹ̀yìn òwú níbi tó ti máa ń dúró jẹ́ẹ́, ibẹ̀ ni mo ti ń tẹ aago, nítorí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń yára jù. Tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń yí padà, á dà bíi pé ó dúró díẹ̀, ojú kò sì ní mọ ìgbà tó yí gan-an.

Fún gígùn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ka ìfì 20. Nọ́ńbà ti mítà kan nìyí: 40.21, 40.05, 40.32, 38.17, 40.10. Kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ tò wọ́n láti kékeré dé ńlá. Èyí tó wà láàárín jẹ́ 40.10, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 39.77. Bí méjèèjì bá jìnnà síra báyìí, nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ń fa ìpíndọ́gba sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìpíndọ́gba mẹ́rin yòókù jẹ́ 40.17. Mo yọ 38.17 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 2.00, iye àkókò ìfì kan. Ìfì 19 ni wọ́n kà nígbà náà: ẹni tó ń kà ti sọ “ení” nígbà tí aago bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yẹ kó sọ “òdo”. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ púpọ̀, ìyọkúrò kan ṣoṣo sì ló máa ń gbé e síta.

Mo fi ara mọ́ ìlànà kan níbí: nọ́ńbà tó yàtọ̀ kì í jáde nínú àtẹ nítorí pé kò wù wá. A ní láti mọ ohun tó fà á. Ẹ fi ìlà kan là á kọjá kó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì ka òmíràn dípò rẹ̀. Èyí tí mo tún kà jẹ́ 40.12, ìpíndọ́gba sì wá di 40.16.

Ìpíndọ́gba nìkan kò sọ bí àwọn nọ́ńbà ṣe fọ́n ká tó. Mo yọ 40.16 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: +0.05, −0.11, +0.16, −0.04, −0.06. Ẹ rò wọ́n pọ̀, òdo ni. Tí kò bá jẹ́ òdo, ìpíndọ́gba yín ni kò pé. Nítorí pé wọ́n ń pa ara wọn rẹ́ báyìí, a ní láti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí àmì ìyọkúrò lè kúrò. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 0.0454. Mo fi 4 pín in. Mi ò lo 5, torí inú àwọn nọ́ńbà márùn-ún yìí kan náà la ti mú ìpíndọ́gba jáde, ẹyọ kan kò sì lómìnira mọ́. Ó jẹ́ 0.01135, nọ́ńbà tó lè sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó tó bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ 0.11. Ìyẹn ni ìfọ́nká ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ìpíndọ́gba márùn-ún dúró ṣinṣin ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà a fi √5 pín in, ó ku bíi 0.05. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé èyí tó kàn: bí a ṣe fi 20 pín àkókò, bẹ́ẹ̀ náà la gbọ́dọ̀ fi 20 pín ìfọ́nká. T jẹ́ 2.008, pẹ̀lú ìyàtọ̀ bíi 0.002 sókè tàbí sísàlẹ̀.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo gígùn, mo sì kọ T àti T² (T tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀) sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn:

0.20 mítà: T = 0.898, T² = 0.806
0.40 mítà: T = 1.268, T² = 1.608
0.60 mítà: T = 1.555, T² = 2.418
0.80 mítà: T = 1.794, T² = 3.218
1.00 mítà: T = 2.008, T² = 4.032

Ẹ wo 0.20 àti 0.80. Gígùn di ìlọ́po mẹ́rin, àkókò di 1.794 ÷ 0.898, tí í ṣe 1.998, ìlọ́po méjì ká wí. Pínpín yìí nìkan ti fi hàn pé T² ló ń bá L rìn. Tí a bá ya T sí gíráàfù pẹ̀lú L, ìlà náà yóò tẹ̀. Tí a bá ya T², yóò tọ́, ìlà tó tọ́ sì rọrùn láti yẹ̀ wò.

Láti mọ bí ìlà náà ṣe ń gòkè sí, mo yọ ìpíndọ́gba gígùn, 0.60, kúrò nínú gígùn kọ̀ọ̀kan: −0.40, −0.20, 0, 0.20, 0.40. Mo fi T² tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu sọ ọ́ di púpọ̀, mo rò wọ́n pọ̀: 1.6124. Mo tún fi ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, mo rò wọ́n pọ̀: 0.40. Pín èkíní pẹ̀lú èkejì, ó jẹ́ 4.031. Nínú fọ́múlà, nọ́ńbà yìí ni 4π²/g, nítorí náà g = 39.478 ÷ 4.031 = 9.79. Bí gígùn bá wà ní sẹ̀ǹtímítà, 979 ni ẹ ó rí. Kò burú, àfi tí ẹ bá kọ mítà sí iwájú rẹ̀.

Ìlà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí òdo: níbi tí L ti jẹ́ òdo, T² jẹ́ −0.002. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnìkan wọn òwú dé orí bọ́ọ̀lù nìkan, tí bọ́ọ̀lù náà sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3. Gbogbo gígùn rẹ̀ yóò fi 0.015 mítà kéré. Tó bá lo 0.20 nìkan, g rẹ̀ yóò jáde ní nǹkan bíi 9.1, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi yẹ̀. Kò sí ìpíndọ́gba tó lè gbà á, torí àṣìṣe kan náà ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí gíráàfù, ìlà náà kàn sún sókè ni; bó ṣe ń gòkè sí kò yí padà, g yóò sì wà ní 9.79. Ìlà náà yóò gé òpó T² ní 0.06, bí a bá sì fi 4.03 pín 0.06, 0.015 mítà ló máa jáde. Ohun tí a gbàgbé láti wọ̀n gan-an nìyẹn.

Kí a tó fi èsì wé nọ́ńbà inú ìwé, ẹ rántí pé òòfà ilẹ̀ kò dọ́gba níbi gbogbo. Ó jẹ́ nǹkan bíi 9.78 ní agbedeméjì ayé, 9.83 ní ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù. 9.80665 tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1901 jẹ́ nọ́ńbà àdéhùn. Ní ọdún 1672, Jean Richer, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Faransé, rí i ní Cayenne, ìlú kan nítòsí agbedeméjì ayé ní Gúúsù Amẹ́ríkà, pé aago rẹ̀ tó ń fi ìfì ka àkókò ń fà sẹ́yìn ní bíi ìṣẹ́jú 2.5 lójúmọ́ sí bó ṣe ń rìn ní Paris. Ìṣẹ́jú 1440 ló wà nínú ọjọ́ kan. 2.5 ÷ 1440 jẹ́ ìdá 0.17 nínú ọgọ́rùn-ún, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nítorí pé T² ló kan g: ìdá 0.35. Yọ ọ́ kúrò nínú 9.81 ti Paris, ó ku bíi 9.78.

Ìlà tó ga jù tí àwọn àmì mi lè gbà jẹ́ 4.037, èyí tó lọ sílẹ̀ jù jẹ́ 4.025, g wà láàárín 9.78 àti 9.81. Kọ̀ǹpútà lè kọ 9.7936 síbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kẹta lẹ́yìn ààmì ti kọjá ohun tí òwú àti aago yìí lè mọ̀. Ẹ fi gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀ nígbà tí ìṣirò ń lọ, kí ẹ gé e ní ìparí nìkan. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ni 9.79 ± 0.02 m/s².