Bí mo ṣe yanjú ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta lórí IIS tó ń ka fóódà láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn

Sáfà méjì ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. WEB01 ni Windows Server 2019 tí IIS, ètò Windows tó ń gbé ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde, wà lórí rẹ̀. FS01 ni àwọn àwòrán wà, nínú D:\Aworan tí a ti pín sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn méjèèjì wà nínú domain kan náà (ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà tí a ń bójú tó láti ibì kan), OFIISI. Mo ṣe virtual directory kan (àdírẹ́sì lórí sáìtì tó ń tọ́ka sí fóódà tó wà níbòmíràn) lábẹ́ Default Web Site, mo ní kó máa wo \\FS01\Aworan. Bí mo ṣe tẹ Test Settings, Authentication, ìyẹn ìdánimọ̀, gbé àmì àwọ̀ ewé jáde, àmọ́ onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè ló yọ níwájú Authorization, ìyẹn àṣẹ ìwọlé: "Cannot verify access to path".

Ìkìlọ̀ yìí kò sọ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé IIS Manager kò lè bá application pool (ètò tó ń ṣiṣẹ́ fún sáìtì náà) yẹ àṣẹ rẹ̀ wò. Kódà fóódà tó wà lórí C: sáfà náà gan-an máa ń gbé e jáde, ojú ìwé á sì ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Nítorí náà, mi ò lé onígun mẹ́ta kiri. Mo ṣí browser lórí WEB01, ibẹ̀ ni ìṣòro gidi ti fara hàn: 500.19, pẹ̀lú kóòdù 0x80070005. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn ò fún IIS láyè láti ka web.config (fáìlì ètò IIS) tó wà nínú fóódà náà. Ká ní 0x8007052e ni, orúkọ tàbí páswọ́ọ̀dù ni kò tọ̀nà.

Kí n tó fọwọ́ kan àṣẹ kankan, mo wò ó bóyá ọ̀nà 445, tí Windows fi ń pín fóódà, ò dí:

Test-NetConnection FS01 -Port 445

TcpTestSucceeded jẹ́ True, nítorí náà firewall kọ́. Ẹ má sì lo Z: tàbí lẹ́tà mìíràn tí ẹ fi so fóódà náà mọ́ kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tó wọlé ló ni lẹ́tà yẹn, IIS kò rí i.

Orúkọ wo wá ni WEB01 ń dá nígbà tó bá kan ilẹ̀kùn FS01? ApplicationPoolIdentity ni pool mi ń lò. Lórí WEB01, IIS AppPool\DefaultAppPool ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n FS01 kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti jáde sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orúkọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń dá: OFIISI\WEB01$. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fún Everyone ní Full Control kí wàhálà lè tán. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kíkà nìkan ni iṣẹ́ yìí nílò, ẹnì kan ṣoṣo ló sì nílò rẹ̀.

Ilẹ̀kùn méjì ló wà lórí FS01, ti share (àṣẹ ẹni tó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá) àti ti NTFS (àṣẹ lórí fóódà fúnra rẹ̀), èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ló ń borí. Mo ṣí méjèèjì nínú PowerShell:

Grant-SmbShareAccess -Name Aworan -AccountName 'OFIISI\WEB01$' -AccessRight Read -Force

icacls D:\Aworan /grant 'OFIISI\WEB01$:(OI)(CI)RX'

Ẹ kíyè sí àmì ' tó yí orúkọ náà ká. $ ni PowerShell fi ń mọ variable, " kò sì ní dí i lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ inú Properties lẹ ti ń ṣe é, ẹ kọ́kọ́ tẹ Object Types, kí ẹ sì mú Computers, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Windows á ní òun ò rí orúkọ náà.

500.19 lọ. Àwòrán ò ṣí síbẹ̀. 401, ìyẹn pé wọn ò fún ẹni tó béèrè láyè, ló kù. Ohun tó fà á ni pé pool ló ń ka web.config, ṣùgbọ́n IUSR, account tí Windows ní fún àlejò IIS, ni Anonymous Authentication ń lò láti ka fáìlì fún àlejò, IUSR kì í sì í dá orúkọ kọ̀ǹpútà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò ní orúkọ kankan tó lè dá fún FS01. Mo lọ sí Authentication, mo mú Anonymous Authentication, mo tẹ Edit, mo sì yí i sí Application pool identity. Àwòrán àkọ́kọ́ ṣí lójú ẹsẹ̀.

Tí kò bá sí domain, ọ̀nà yìí kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe account kan náà sórí sáfà méjèèjì, orúkọ kan náà, páswọ́ọ̀dù kan náà, kí ẹ wá kọ ọ́ sínú Connect as tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Test Settings. Connect as náà ló rọrùn jù tó bá jẹ́ Windows Authentication lẹ̀ ń lò, torí IIS kò lè gbé orúkọ àlejò kọjá sọ́dọ̀ FS01 láìsí delegation, ìyẹn àṣẹ láti lo orúkọ àlejò lórí sáfà mìíràn. Ẹ ṣọ́ra fún páswọ́ọ̀dù tó máa ń kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ tó bá kú ni gbogbo àwòrán á dáwọ́ dúró.

Mo parí rẹ̀ nínú log, ní C:\inetpub\logs\LogFiles\W3SVC1. Ìlà tuntun kì í hàn lójú ẹsẹ̀, nítorí náà mo kọ́kọ́ tẹ netsh http flush logbuffer. Níbi tí sc-win32-status ti ń kọ 5 (wọn ò fún un láyè) tẹ́lẹ̀, 0 (kò sí àṣìṣe) ló wà níbẹ̀ báyìí, sc-status sì jẹ́ 200, ìyẹn pé ó ti ṣí. Onígun mẹ́ta ṣì wà nínú Test Settings. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.