Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ pé kọ́ńpìnnì tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fẹ́ kógbá sílé, kẹ́ ẹ tó kówó lé e lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní business center n'Íbàdàn ra kọ̀ǹpútà mẹ́fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, irú kan náà, ọwọ́ kọ́ńpìnnì kan náà, torí wọ́n dín owó ẹ̀ kù gan-an. Kò pé ọdún méjì, kọ́ńpìnnì yẹn kógbá sílé. Power pack àkọ́kọ́ jó, a wá òmíì dé Computer Village n'Íkẹjà, a ò rí, torí ẹnu wáyà ẹ̀ ò bá ti ẹlòmíì mu, àwọn tó ṣe é ló dá a ṣe bẹ́ẹ̀. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú èyí tó ti kú láti fi tọ́jú èyí tó kù nìyẹn, mẹ́fà di mẹ́rin, mẹ́rin di méjì, ẹ̀gbọ́n mi ò sì tíì rówó ẹ̀ padà.

Àtìgbà yẹn, kí n tó wo kọ̀ǹpútà, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹni tó ṣe é. Ìtàn Commodore, kọ́ńpìnnì kan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà láyé àtijọ́, ni mo sì fi ń wọ̀n wọ́n, torí wọ́n gòkè débi tẹ́nì kankan ò dé rí nígbà yẹn, wọ́n sì ṣubú yakata. Àwọn nǹkan tí mo máa ń béèrè rèé.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń ṣe nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Jack Tramiel tó dá Commodore sílẹ̀, Júù ni, ìlú Łódź ní Póláǹdì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1928, ó wà ní Auschwitz, orí ló kó o yọ. Ó dé Amẹ́ríkà, ó wọṣẹ́ ṣọ́jà, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún typewriter ṣe, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Bronx, ó wá lọ dá Commodore sílẹ̀ ní Toronto. Nígbà tó yá wọ́n ń ṣe calculator, ọwọ́ kọ́ńpìnnì Texas Instruments ni wọ́n sì ti ń ra chip, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀. Àfi bí Texas Instruments fúnra ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta calculator, owó pọ́ọ́kú. Ẹ rò ó wò ná, ẹni tó ń tẹran fún yín lọ́jà ló lọ ṣí búkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, iye tó ń ta oúnjẹ abọ́ kan ò wá tó iye tó ń ta ẹran fún yín. Commodore fẹ́rẹ̀ẹ́ kú níbẹ̀. Tramiel ní irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ sóun mọ́, ní 1976 ó ra MOS Technology ní Pennsylvania, àwọn tó ṣe 6502, chip tí wọ́n ń tà ní dọ́là 25 nígbà tí tàwọn yòókù ṣì wọ́n gógó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní PET jáde.

Fún àwa tá à ń rajà, tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì ni kọ́ńpìnnì ti ń ra gbogbo nǹkan inú ẹ̀, kò burú o, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tí gbogbo ayé ń lò, RAM tẹ́ ẹ lè rí rà níbikíbi, ṣájà oní-USB-C, disk tí wọ́n ń tà káàkiri. Tó bá sì jẹ́ àwọn fúnra wọn ló ń dá a ṣe, ẹ wò ó bóyá wọ́n lágbára tí wọ́n á fi máa ṣe é lọ.

Owó tó já wálẹ̀ náà ń béèrè ìwádìí. Kọ̀ǹpútà wọn míì, Commodore 64, jáde ní 1982 ní dọ́là 595, nígbà tó fi máa di àárín 1983 ó ti di nǹkan bí 200. Kò pa wọ́n lára torí àwọn ló ń ṣe chip wọn, ó sì tà ju mílíọ̀nù 12 lọ kó tó parí. Texas Instruments ò lè fara da ìjà yẹn, oṣù October 1983 ni wọ́n kúrò nídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà fún ará ilé. Àmọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti fowó àtijọ́ kó 64 jọ ńkọ́? Àwọn ló jẹ gbèsè ẹ̀, inú bí wọn gan-an, nígbà tí Commodore sì padà fẹ́ kí wọ́n bá òun ta nǹkan ńlá, ọ̀pọ̀ ò dá a lóhùn. Torí náà tówó bá já lójijì, ẹ lọ bá àwọn tó ń tà á sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́ta ó kéré tán, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì máa kó òmíì wá. Tí gbogbo wọn bá ń sáré ta èyí tó kù lọ́wọ́ wọn, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn tó ń fi kọ́ńpìnnì náà sílẹ̀. January 1984, Tramiel àti Irving Gould tó ni owó ibẹ̀ jà, Tramiel bínú jáde, kí ọdún tó parí ó ti ra ẹ̀ka Atari tó ń ṣe géèmù àti kọ̀ǹpútà ilé, àwọn kan tó mọṣẹ́ ní Commodore sì tẹ̀ lé e.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Commodore ra kọ́ńpìnnì Amiga, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà Amiga jáde ní July 1985 ní Lincoln Center ní New York, Andy Warhol tó jẹ́ ayàwòrán fi ya Debbie Harry tó jẹ́ olórin lójú gbogbo èèyàn. Kọ̀ǹpútà yẹn ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní àwọ̀ 4096, ohùn ẹ̀ jáde ní stereo, nígbà tí PC, ìyẹn irú kọ̀ǹpútà tí IBM ń ṣe, ṣì ń dún píì. Kí ni wọ́n wá fi ṣe? Ọdún méje gbáko kí wọ́n tó pààrọ̀ chip àwòrán inú ẹ̀ sí tuntun tó jọjú. Amiga 500 tó jáde ní 1987, chip 1985 náà ló wà nínú ẹ̀. Ní 1992 wọ́n tún gbé Amiga míì tí wọ́n pè ní A600 jáde, wọ́n yọ bọ́tìnnì nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ kúrò, inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti 500, ó ṣì wọ́n ju bí wọ́n ṣe pinnu lọ. Nígbà tí chip tuntun fi máa dé lọ́dún yẹn kan náà, PC ti lọ jìnnà. April 29, 1994, Commodore wọ gbèsè, wọ́n tì í pa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra laptop, ẹ má wo orúkọ tó wà lára páálí, ẹ wo orúkọ processor, ìyẹn chip tó jẹ́ ọpọlọ inú ẹ̀, ẹ lọ wo ọdún tó jáde, ẹ wá fi wé ti èyí tí kọ́ńpìnnì náà ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Tí aṣọ nìkan bá ń yí tí ara ò yí, ẹ fura.

Tí ẹlòmíì bá sì wá ra orúkọ ẹ̀, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ sinmi. Kọ́ńpìnnì Escom ní Jámánì ra Commodore ní 1995, ní 1996 Escom náà wọ gbèsè.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á ńkọ́, tí kọ́ńpìnnì sì ti kú? Ẹ tètè lọ kó gbogbo driver àti BIOS ẹ̀, ìyẹn àwọn software tó ń jẹ́ kí nǹkan inú kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́, sórí flash méjì kí website wọn tó kú. Ẹ ra ṣájà kejì. Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ lò ó, ẹ fi mítà wọn power pack kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, torí ti Commodore 64 tó bá bàjẹ́, iná 5 volt ẹ̀ máa ń ga sókè, á sì jó chip memory. Bátìrì inú bọ́ọ̀dù náà, ẹ yọ ọ́, ti Amiga 500 Plus àti 2000 máa ń jò, á jẹ bọ́ọ̀dù. Mo ṣí ọ̀kan báyìí lọ́dún tó kọjá, kọ̀ǹpútà àtijọ́ ẹnì kan, nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù yí kápásítọ̀ ká bí èéwo, bí mo ṣe gbé soldering iron kàn án, òórùn ẹja gba gbogbo yàrá. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn, kápásítọ̀ ló ti jò, ẹ yọ ọ́, ẹ fi spirit àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibẹ̀, kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i. Tó bá jẹ́ bátìrì ló jò, ẹ kọ́kọ́ fi fínígà díẹ̀ nu ún, lẹ́yìn náà lẹ wá fi spirit fọ̀ ọ́.