Bí ẹ ṣe lè fi èèpo ọjà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyíká ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Lọ́dọọdún, tí èsì BAC, ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, bá ti jáde, àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi ní Ouando. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní iṣẹ́ àyíká ló ń mówó wá báyìí. Ibo la ti ń forúkọ sílẹ̀?" Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó ná, torí ìdáhùn mi kì í tètè dùn mọ́ wọn. Kí ẹ tó wá ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, ẹ wá ẹni tó ń náwó lónìí lórí ìṣòro kan tí ẹ lè bá a yanjú láìba ilẹ̀, omi tàbí afẹ́fẹ́ jẹ́. Ẹni yẹn ni yóò sanwó iṣẹ́ yín. Ìwé ẹ̀rí á tẹ̀ lé e.

Ajílẹ̀ ni èmi ń ṣe, láti inú èèpo ọjà tó ti jẹrà. Ìyá mi ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ouando, ẹnu àwọn tó ń kó ẹ̀fọ́ wá fún un ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, owó ajílẹ̀ oníkẹ́míkà lọ sókè káàkiri ayé, torí Rọ́ṣíà wà lára àwọn tó ń tà á jù lọ. Àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ìgbẹ́ adìẹ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo àti ewé ẹ̀fọ́ tó ti rọ ń jẹrà lásán.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ lọ bá àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Kí ni wọ́n ń dà sí ilẹ̀? Ta ló ń gbé e wá? Oṣù wo ni kì í sí? Tí ẹ bá ń lọ sí apá Dangbo tàbí Adjohoun, ẹ gbọ́ Ẹ̀gùn díẹ̀, tàbí kí ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ lọ. Ẹni tó bá fi èdè àlejò béèrè owó tí àgbẹ̀ ń ná, ìdáhùn àlejò ni wọn yóò fún un. Bí ẹ kò bá tíì rí èèyàn bíi márùn-ún tó sọ pé àwọn lè rà, ẹ má tíì kó òkìtì kankan jọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá ohun tí ẹ máa fi ṣe é. SGDS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń kó ìdọ̀tí, ló ń bójú tó ìkólẹ̀ ní Àjàṣẹ́, òun náà ló ni ti Kútọnu, Abomey-Calavi, Ouidah àti Sèmè-Podji, nítorí náà ẹ má kàn lọ máa tú ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni kí ẹ ti gbà á, kí ó tó dà pọ̀ mọ́ ọ̀rá àti ìgò. Ẹ fún ìyá ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ní garawa kan, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa da èèpo nìkan sínú rẹ̀, kí ẹ sì wá gbé e ní àkókò tí ẹ dá. Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, tí garawa kún tó ń rùn lẹ́bàá ọjà wọn, wọn yóò dà á nù, wọn yóò sì fi garawa yín pọn omi. Ìkíni àárọ̀ wà lára iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀ka méjì ni ohun tí ẹ máa kó pín sí. Ohun tútù: ewé, èèpo èso, koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ìgbẹ́ adìẹ. Ohun gbígbẹ: háhá àgbàdo, ewé tó ti rẹ̀, ìyẹ̀fun pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà. Bí ẹ bá da agbọ̀n kan tútù, ẹ da bíi méjì gbígbẹ lé e. Ìgbẹ́ adìẹ kò gbọdọ̀ pọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn sáàárín. Ẹ má fi ẹran, ẹja tàbí ọbẹ̀ tó lépo sí i, eku ni ẹ máa pè. Ẹ má sì gba ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa lára.

Kí òkìtì náà ga tó mítà kan, kí ó sì fẹ̀ tó mítà kan ó kéré tán. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì yóò gbóná, ooru yẹn gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú kò rí ló ń jẹ ewé náà, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni ooru ń jáde. Ó yẹ kí àárín òkìtì tó ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó lè pa èso koríko àti àrùn tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n. Èmi máa ń ki ọ̀pá irin kan bọ àárín rẹ̀, màá fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí mo fi ń kí àwọn ará ilé, màá wá fà á yọ, màá di ibi tó wà nínú mú. Bí ó bá gbóná tí ọwọ́ kò lè dì í mú pẹ́, ó ń lọ dáadáa nìyẹn. Bí ó bá kàn lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ wò ó bóyá ó ti gbẹ jù.

Ti omi, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Bí ẹ̀kán kan tàbí méjì bá yọ láàárín ìka, ó tó. Bí omi bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, òórùn burúkú yóò sì máa jáde. Ẹ da ohun gbígbẹ sí i, kí ẹ yí i padà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí òkìtì padà, kí ohun tó wà níta bọ́ sínú. Abẹ́ igi ni kí ó wà, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó nígbà òjò ńlá, torí òjò á fọ gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀ wọ ilẹ̀.

Ó máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta. Tí ó bá ti dúdú, tí ẹ kò mọ ewé yàtọ̀ sí èèpo mọ́, tí ó ń rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò, ẹ sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì tà á. Ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ nínú agolo kan, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ nìkan sí agolo kejì, kí ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ sínú méjèèjì. Tí tẹ̀tẹ̀ inú ajílẹ̀ kò bá hù, tàbí tí ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ajílẹ̀ yẹn kò tíì jinná, yóò sì jó irúgbìn ẹni tó bá rà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fo ibí yìí. Àgbẹ̀ kan tí ajílẹ̀ yín bá jó tòmátì rẹ̀ yóò sọ ọ́ dé ojú odò.

Ẹ̀yin ará etí ọ̀sà, ẹ lè fi ewé jacinthe tó bo omi ṣe é, ẹ kọ́kọ́ sá a kí omi ara rẹ̀ dínkù. Ibi tí omi ìdọ̀tí tàbí epo ọkọ̀ ti ń ṣàn wọ ọ̀sà, ẹ má gé e níbẹ̀, torí ewé yẹn a máa fa májèlé inú omi sára. Àwọn mìíràn náà ń jẹ lára ewé yìí: Green Keeper Africa ní Kútọnu ń sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń fa epo tó dà sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ tà, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ "àyíká" níwájú àgbẹ̀. Ẹ fún un ní àpò kan lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó lò ó lórí ebè kan, kí ebè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà bí ó ṣe wà. Baba kan lójú ọ̀nà Sákétè tí mo fún ní àpò kan kò sọ̀rọ̀ ewé fún mi rárá nígbà tí mo padà lọ. Ó tẹ ìka bọ ilẹ̀ ebè méjèèjì, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, tibí kò tètè gbẹ." Owó ọmọ tó ń bá a pọn omi ló ń rò. Láti ọjọ́ yẹn, omi ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àgbẹ̀ tuntun.

Ẹ kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀ kí ẹ tó dá iye: owó ẹni tó ń yí i, owó àpò, owó ọkọ̀. Ọkọ̀ ló máa ń jẹ èrè jù, nítorí náà oníbàárà tó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Tí ọjà bá ti ń lọ, ẹ forúkọ òwò yín sílẹ̀ lórí monentreprise.bj, kí ẹ ní IFU, ìyẹn nọ́ńbà owó orí yín. Àwọn ilé ìwé àti òtẹ́ẹ̀lì tó ní ọgbà kì í ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fún wọn ní fàtúúrà, ìwé tó ń fi iye ọjà hàn.

Ìgbà yìí gan-an ni mo fara mọ́ ẹ̀kọ́, torí ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ béèrè. Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wà nítòsí wa níbí, Fadá Godfrey Nzamujo ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe so adìẹ, ẹja, gáàsì láti inú ìgbẹ́ àti oko pọ̀, tí ìdọ̀tí èyí ń di oúnjẹ tọ̀hún. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé gíga lè lọ sí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu.

Bí ajílẹ̀ kò bá wù yín, ìlànà kan náà ni. Ní Pobẹ́, ilé iṣẹ́ iná oòrùn Illoulofin, oní-25 mégáwáàtì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ṣùgbọ́n èèyàn púpọ̀ ló fẹ́ iná oòrùn sílé tí kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe: ẹ kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníná gidi, kí ẹ gba CQM, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, kajú ni. Láti 2024 ni ìjọba ti ní kí wọ́n má ta kajú tí wọn kò tíì bó èèpo rẹ̀ sókè òkun mọ́, èyí túmọ̀ sí pé èèpo rẹ̀ ń pọ̀ sí i nílé, ó sì ń jó dáadáa nínú iná ilé iṣẹ́.

Fún àwọn tó bá fẹ́ ti ajílẹ̀ lọ́dún yìí: ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹ ra bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn, torí ìgò fífọ́ wà nínú èèpo ọjà bó ti wù kí ẹ ṣọ́ ọ tó. Oṣù keje ni kí ẹ kó òkìtì àkọ́kọ́ jọ. Omi odò Ouémé máa ń fà ní ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, ìgbà yẹn làwọn àgbẹ̀ àfonífojì máa ń bọ́ sórí ilẹ̀ wọn, àpò yín yóò sì ti wà ní sísẹ́, ní dídì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.