Bí a ṣe ń ṣètò port forwarding lórí ráútà ilé

Ẹni tí ó ń gbé Kubwa tàbí Gwarinpa, tí ó sì fẹ́ kí àwọn ẹbí ní Ìbàdàn lè rí fọ́tò tí ó tọ́jú sórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ráútà ní àṣẹ. Iṣẹ́ mégáàdì ẹ̀sítéètì ni ráútà ń ṣe: ará ilé tí ó jáde ń wọlé padà láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n àlejò tí ẹnikẹ́ni kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní géètì, ńṣe ni wọ́n máa dá a padà. Port forwarding ni àṣẹ tí ó sọ pé ìbéèrè tí ó bá ti ìta dé sí nọ́ńbà pọ́ọ̀tù báyìí (pọ́ọ̀tù dà bí ilẹ̀kùn onínọ́ńbà tí ètò kọ̀ọ̀kan ń gbà wọlé), ẹ̀rọ báyìí nínú ilé ni kí ó lọ bá.

Kí a tó fọwọ́ kan ètò kankan, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ìbéèrè láti ìta tilẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ráútà wa. Ẹ ṣí ojú-ìwé ráútà, èyí tí ó sábà máa ń wà ní 192.168.0.1, 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1 (ó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀), kí ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sí WAN IP, ìyẹn àdírẹ́sì ráútà ní ìhà ìta, kí ẹ sì fi wé èyí tí ìkànnì tí ń fi àdírẹ́sì IP hàn bá sọ fún yín. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ti ráútà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “10.” (10 àti àmì ìdánudúró, kì í ṣe 102 tàbí 105), tàbí tí ó wà láàárín 100.64 sí 100.127, a jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín ti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tí ẹ lè kọ sínú ráútà tí yóò ṣiṣẹ́. Ráútà tí ń lo káàdì SIM, irú èyí tí ó kún ilé wa ní Àbújá, sábà máa ń wà ní ipò yìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà bóyá wọ́n ń ta public IP (àdírẹ́sì ìta tí ó jẹ́ tiyín nìkan), tàbí kí ẹ lo Tailscale, ètò tí ń so àwọn ẹ̀rọ yín pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí kò nílò pọ́ọ̀tù ṣíṣí rárá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún kọ̀ǹpútà náà ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà. Nígbàkúùgbà tí iná bá lọ tí ó sì dé (ará Àbújá kò nílò àlàyé lórí èyí), ráútà lè fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì mìíràn, àṣẹ wa yóò sì máa darí àlejò sí ibi tí kò yẹ. Lábẹ́ DHCP, apá ráútà tí ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ inú ilé, ẹ wá Address Reservation, ẹ yan ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì fún un ní 192.168.1.50, bí àpẹẹrẹ.

Àṣẹ gan-an kò gùn. Ẹ wá Port Forwarding tàbí Virtual Server, ẹ kọ pọ́ọ̀tù ìta, ká ní 8443, pọ́ọ̀tù inú, ká ní 443, àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà, àti TCP tàbí UDP (ọ̀nà méjì tí dátà ń gbà rìn) gẹ́gẹ́ bí ètò tí ẹ ń lò ṣe fẹ́, kí ẹ sì tẹ Save. Firewall (ètò tí ń dènà àlejò) orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà á láàyè.

Ẹ pa Wi-Fi fóònù yín, kí ẹ fi dátà dán an wò, nítorí pé àwọn ráútà kan kì í gbà kí ará ilé gba àdírẹ́sì ìta wọlé. Bí àdírẹ́sì ìta yín bá ń yí padà, Dynamic DNS yóò fún yín ní orúkọ tí yóò máa tẹ̀ lé e.

N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó ṣí pọ́ọ̀tù fún kámẹ́rà tàbí fún Remote Desktop (ètò Windows tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn), tí ń lo pọ́ọ̀tù 3389, ní tààràtà. Ní 2016, kámẹ́rà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò Mirai fi kọlu íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sàn kí a ṣí UDP 51820 nìkan fún WireGuard, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí a lè ti ìta gbà wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, kí a sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà. Ẹ pa UPnP pẹ̀lú, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ilé ṣí pọ́ọ̀tù láìsọ fún onílé.