Déètì láptọ́ọ̀pù yín ń padà sẹ́yìn? Ẹ má tíì fọ́máàtì ẹ̀ o

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Abuja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé gbé láptọ́ọ̀pù lọ fọ́máàtì torí pé déètì ẹ̀ ń padà sí 2015. Àṣìṣe tí mò ń rí jù nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí gan-an, torí owó á lọ, fáìlì tí wọn ò ṣe bákọ́ọ̀pù ẹ̀ á lọ, wọ́n á dé Kubwa, wọ́n á tan án, 2015 náà ni wọ́n á tún bá níbẹ̀. Windows kọ́ ló ń tọ́jú aago tẹ́ ẹ bá ti pa ẹ̀rọ. Bátìrì kékeré kan wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní CMOS, òun ló ń gbé aago, ti tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ sì lè ti kú kẹ́ ẹ tó rà á.

Tó bá jẹ́ wákàtí kan géérégé ló fi ń yàtọ̀, ẹ má tú nǹkan kan, ẹ lọ mú West Central Africa, UTC+1, tó jẹ́ àkókò Nàìjíríà, níbi time zone nínú settings. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí NEPA mú iná lọ tí bátìrì ńlá náà sì kú pátápátá ló ń ṣe é, bátìrì kékeré yẹn lẹ máa kọ́kọ́ fura sí.

Àwọn kan á kàn máa fọwọ́ tún un ṣe láràárọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbàgbé, sáìtì bánkì ò ní ṣí, browser á ní sáìtì náà léwu, torí lójú déètì àtijọ́ yẹn, àsìkò sátífíkéètì tó ń fi hàn pé ojúlówó ni sáìtì náà ò tíì tó, wọ́n á wá fojú fo ìkìlọ̀ náà, wọ́n á fipá wọlé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé! Tí irú ìkìlọ̀ yẹn bá ti mọ́ yín lára, ọjọ́ tólè bá dé lóòótọ́ ẹ ò ní mọ̀.

Ẹ má sáré ra CR2032, bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ tí kì í gba cháàjì, o. Ọ̀pọ̀ ti láptọ́ọ̀pù ló ní wáyà pupa àti dúdú pẹ̀lú ẹnu kékeré tó ń wọ mọ́dábọ́ọ̀dù, àwọn míì ń gba cháàjì bíi ML1220, tẹ́ ẹ bá wá fi CR síbẹ̀, ẹ̀rọ á máa cháàjì ohun tí ò yẹ kó gba cháàjì. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní in rárá, bátìrì ńlá ló ń gbé aago wọn. Ẹ ka nọ́ńbà ara èyí tẹ́ ẹ yọ, ẹ mú un dání lọ sí Banex tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ. Tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù jó wáyà mọ́ bátìrì lórí, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, lítíọ́ọ̀mù tó bá gbóná lè bẹ́.

Ẹ kọ BitLocker key yín sílẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí Windows lè béèrè kó tó ṣí fáìlì yín, kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ yọ chájà, ẹ yọ bátìrì ńlá.

Ẹ má sì fi èyí tó ti kú sílẹ̀ fọ́mọdé. Tọ́mọ bá gbé e mì, láàárín wákàtí 2 ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.