Ẹ má rìn lórí index tí ẹ ń tún tò

Ọjà mẹ́rin ló wà nínú tábìlì: 100 náírà, 200, 300 àti 400. Ọ̀gá ní kí ẹ fi 250 lé owó gbogbo wọn. Ẹ ṣí i nínú FoxPro, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú tábìlì, index orí iye owó (àkójọ tó ń to ìlà láti owó kékeré sí ńlá) ló ń darí ìrìn, ẹ tẹ REPLACE ALL iye WITH iye + 250. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni 350, 200, 300 àti 650. Méjì péré ló yí padà, kọ̀ǹpútà ò sì pariwo.

Bí 100 ṣe di 350 ni index tún ìlà tò lójú ẹsẹ̀, tó gbé ọjà yẹn kọjá 200 àti 300. FoxPro bá ọjà náà lọ. Nígbà tó máa bèèrè ẹni tó kàn, 400 ló dáhùn. Àfi bí ẹni tó ń ka èrò ní ilé epo, tó wá ń tẹ̀ lé ẹni tó fò síwájú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré tún àṣẹ náà tẹ̀ o. 650 á di 900, wàhálà á wá di méjì. Ẹ̀dà tí ẹ fi pamọ́ ni kí ẹ dá padà.

Àṣìṣe yìí tún lè gba ọ̀nà kejì yọ: kó má fo ìlà, kó wá fọwọ́ kàn án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ Halloween ọdún 1976, àwọn onímọ̀ IBM tó ń ṣe System R, ètò tó ń tọ́jú dátà, fẹ́ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó 25,000 dọ́là. Index orí owó yẹn gan-an ni ètò náà ń tọ̀, ó ń bá ẹni tó ti fún pàdé níwájú, ó sì ń fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, títí kò fi sí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó 25,000 mọ́. (Irú àṣìṣe yìí, òṣìṣẹ́ wo ló máa fi sùn?) Halloween Problem ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Nínú FoxPro, ẹ kọ SET ORDER TO láìfi orúkọ kankan sí i kí ẹ tó tẹ REPLACE. Index ṣì wà ní ṣíṣí, ó ń gba àyípadà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń darí ìrìn. Nínú Clipper àti Harbour, tí wọ́n jọ FoxPro, dbSetOrder(0) ni. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni SET INDEX TO: ó ń ti fáìlì index (.idx) pa pátápátá. Gbogbo owó á yí padà lóòótọ́, index ò ní mọ̀. Lọ́la, tí ẹ bá tún ṣí index, ẹ fi SEEK, àṣẹ tó ń wá nǹkan nínú index, wá 450, wọ́n á ní kò sí, ó sì wà níbẹ̀. REINDEX, àṣẹ tó ń tún index kọ, nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo PostgreSQL, ètò dátà mìíràn, UPDATE (àṣẹ tó ń yí ìlà padà) ẹyọ kan kì í tún rí ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ọkàn yín balẹ̀ níbẹ̀. Lúùpù tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni kí ẹ yẹ̀ wò: ẹ mú 1000 tí ipò rẹ̀ jẹ́ "tuntun", ẹ sọ ọ́ di "parí", ẹ wá lo OFFSET 1000, tó ń fo 1000 ìlà àkọ́kọ́, láti mú àwọn tó kàn. 1000 àkọ́kọ́ ti jáde nínú àwọn tuntun, nítorí náà 1000 tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn ni ẹ fò. Ẹ yọ OFFSET kúrò, tàbí kí ẹ máa fi id tó kẹ́yìn wá èyí tó kàn, torí id kò yí padà.